Àpérò lórí ọgbọ́n Yorùbá, bàbá tó ni ọgbọ́n wà nídìí fáànù

Àdùkẹ́_Olùkọ́ (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n lè sinmi.

Mo lọ sí àpérò ọlọ́jọ́ méjì kan ní yunifásítì kan. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pè wá: orí, ìwà, àyànmọ́, òótọ́, irú ọ̀rọ̀ báyẹn. Wọ́n pe babaláwo kan wá láti ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, bàbá tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Bàbá ṣe ìwúre, a ṣe àṣẹ, wọ́n ya bàbá ní fọ́tò, wọ́n sì mú wọn lọ sórí àga kan lẹ́yìn, nídìí fáànù. Ó parí. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, Gẹ̀ẹ́sì ló ń dún lókè. Arákùnrin kan ka bébà ogún ìṣẹ́jú lórí bí ẹ̀dá ṣe ń yan orí lọ́run, ìtàn Àjàlá alámọ̀ àti Afùwàpẹ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un dáadáa.

Nígbà tí a tò síbi oúnjẹ, bàbá ló wà níwájú mi. Káàdì orúkọ tí wọ́n há wọn lọ́rùn ti yí sódì, ojú tó funfun ló kọ síta. Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní: "Ọmọ mi, mo gbọ́ Àjàlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbọ́ Afùwàpẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí ni wọ́n ní ó ṣe?"

Mo kólòlò. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ girama ní Yorùbá fún ọdún mọ́kànlá! Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn yéké, àmọ́ mi ò rí ibi tí mo máa gbà wọ inú ẹ̀ ní Yorùbá. Mo sọ gbólóhùn méjì, bàbá mi orí, wọ́n bu ìrẹsì.

Ìbéèrè mi: ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí? Ta ni àpérò náà wà fún?

Ìgbín_Ò_Kánjú (Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́)

Àpérò ọgbọ́n Yorùbá, ìrẹsì ni wọ́n sè. Ẹ ò tíì rí ìdáhùn yín?

Táíwò_Ẹlẹ́rọ (Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́)

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má bínú, ohun tí wọn ò tìtorí ẹ̀ pè yín lẹ ń retí. Wọ́n fẹ́ fi bébà yẹn gba ìgbéga ni. Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lè wà ní Jámánì, ó lè wà ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá kọ ọ́ ní Yorùbá, ta ló máa kà á? Èmi, ẹ̀rọ ni mo kọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà la fi kọ́ ọ, afárá wa ò sì wó.

Ìgbín_Ò_Kánjú (Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́)

Afárá wo ni? Ẹ dárúkọ ẹ̀ ká má gba ibẹ̀.

Olùkọ́_Tó_Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀)

Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì ni mo ti kọ́ni fún ọdún mẹ́tàlélógún kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀nà yìí ti ṣẹ̀ wá. Àdùkẹ́, bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ nìyẹn, àmọ́ kò jìnnà sí i.

Ní Ifẹ̀, ní 1972, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípọ̀ dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀, Second Order. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìjà tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn ni pé, ṣé Áfíríkà tiẹ̀ ní fìlọ́sọ́fì? Oyinbo ló bi wá, èdè oyinbo la sì fi ń fèsì, ẹ ò lè dá wa lẹ́bi púpọ̀. Ní 1978, wọ́n pé jọ sí Accra láti fi ṣe ìrántí Anton Wilhelm Amo, ọmọ ilẹ̀ Gánà tó ti ń kọ́ni ní fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì Jámánì láti àwọn ọdún 1730. Ibẹ̀ ni Odera Oruka, ará Kẹ́ńyà, ti pín àríyànjiyàn náà sí ọ̀nà mẹ́rin. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa Oruka ni pé kò tán síbẹ̀. Ó lọ jókòó ti àwọn àgbà ní ìletò, ó bi wọ́n léèrè, ó jiyàn pẹ̀lú wọn, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ wọn jáde ní 1990 pẹ̀lú orúkọ oníkálukú. Kò kọ "àwọn àgbà ní", ó kọ lágbájá ní.

Tiwa ńkọ́? Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀, lọ bá àwọn oníṣègùn, wọ́n sì fi Yorùbá bá wọn jíròrò. Ìbéèrè pàtàkì kan tí wọ́n gbé lọ ni pé, ṣé "mọ̀" tiwa àti "know" ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan náà? Wọ́n rí i pé wọn kì í ṣe ọ̀kan. Oníṣègùn kò ní sọ pé òun mọ ohun tí ojú òun kò tó. Èyí tí o fojú ara rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, òun lo mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún ọ, tí o gbọ́, tí o sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: gbà, gbọ́. Ohun tí a kà nínú ìwé, ohun tí olùkọ́ sọ, inú ìgbàgbọ́ ló wà títí a ó fi dán an wò. Gẹ̀ẹ́sì a sì máa pe púpọ̀ nínú ìyẹn ní ìmọ̀. Ìwé wọn jáde ní 1986.

Ẹ wá wò ó: orí Yorùbá ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ìgbín_Ò_Kánjú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Bàbá, ẹ dúró ná. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé gbogbo bébà ọjọ́ yẹn, ìgbàgbọ́ ni, ẹni tó mọ̀ sì wà nídìí fáànù?

Olùkọ́_Tó_Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:22 àárọ̀)

Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi bi mí pé kí ló dé.

Táíwò_Ẹlẹ́rọ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:48 ọ̀sán)

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán, sà. Bàbá babaláwo yẹn náà ò rí Àjàlá sójú. Ọ̀gá wọn ló kọ́ wọn, ọ̀gá ọ̀gá wọn ló kọ́ ọ̀gá. Wọ́n gbọ́, wọ́n gbà. Ìgbàgbọ́ ni tiwọn náà. Kí ni wọ́n wá fi ju ẹni tó ka bébà lọ?

Olùkọ́_Tó_Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:10 ìrọ̀lẹ́)

Táíwò, irú ìbéèrè yìí ló yẹ kí ẹnì kan dìde bi lọ́jọ́ náà. O gbà á. Ẹsẹ Ifá tí bàbá há sórí, ìgbàgbọ́ ni, ojú kò tó o. Ṣùgbọ́n fún àádọ́ta ọdún, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, wọ́n ti ń fi ẹsẹ yẹn gbọ́ ẹjọ́ ènìyàn: ẹni tí òwò rẹ̀ wó, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kọ̀ ọ́, ẹni tó ní orí òun burú. Wọ́n rí ẹni tó gba ìmọ̀ràn àti ẹni tí kò gbà. Ojú wọn tó ìyẹn. Ibi tí ẹsẹ àti ènìyàn ti pàdé, ibẹ̀ ni ìmọ̀ wọn wà, mi ò sì tíì rí àpérò tó bi babaláwo léèrè nípa ibẹ̀. Ìwúre la máa ń bi wọ́n.

Arákùnrin_Jósẹ́fù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:55 ìrọ̀lẹ́)

Onígbàgbọ́ ni mí, ọ̀rọ̀ yín sì ń kọ mí lóminú. Ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìgbàgbọ́ kéré sí ìmọ̀. Ìgbàgbọ́ ni ìdánilójú ohun tí a kò rí. Ẹ̀yin ń ti ẹ̀yìn àpérò gbé òrìṣà padà sí ilé ìwé ni.

Ìgbín_Ò_Kánjú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:58 ìrọ̀lẹ́)

Ó ti dé o.

Àdùkẹ́_Olùkọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 alẹ́)

Bọ̀dá Jósẹ́fù, ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà ń lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu yín sọ: "ohun tí a kò rí." Ohun tí àwọn oníṣègùn náà sọ nìyẹn! Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n bá a nílẹ̀, wọ́n mú un. Ó sì bá a mu. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá a mu bẹ́ẹ̀ ṣá. Nínú Bíbélì Àjàyí Crowther, Èṣù ni wọ́n fi pe Sátánì, Èṣù tó jẹ́ pé òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Láti ìgbà yẹn, bí o bá ní o fẹ́ ka bébà lórí Èṣù, ìdajì ìṣẹ́jú rẹ ni o máa fi gbèjà ara rẹ.

Alábòójútó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:00 alẹ́)

Mo ti pa ìdáhùn mẹ́ta rẹ́. Ẹ jiyàn, ẹ má bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Àjàṣẹ́ (Ọjọ́rú, 10:20 àárọ̀)

Mo kí yín láti Bẹ̀nẹ̀. Faransé ni tiwa, ẹ̀yin ẹ ń sunkún Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹnì kan ṣẹ́ kù tí ẹ ò tíì dárúkọ. Paulin Hountondji, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, ọmọ ilẹ̀ wa tó kú ní oṣù kejì 2024. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ọ̀rọ̀ tó sọ gbóná: pé kíkó òwe àti ìtàn àwọn baba ńlá jọ, kí a wá ní "Áfíríkà gbà pé" tàbí "Yorùbá gbà pé", fìlọ́sọ́fì kọ́ nìyẹn. Ta ni Yorùbá tó gbà pé? Ṣé gbogbo wa la pàdé, tí a dìbò? Fìlọ́sọ́fì ni kí ẹnì kan sọ tirẹ̀, kí ẹlòmíràn ní irọ́ ni, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí a lè padà wá bá wọn jà. Ní Ìbàdàn, Peter Bodunrin wà lápá ibẹ̀ náà. Bí inú ṣe bí wa tó, àwọn kan ní Hountondji ti di oyinbo.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ó kó àwọn onímọ̀ jọ nílé níbí lórí ìmọ̀ àbáláyé, ìwé wọn jáde ní 1994. Òjò rírọ̀, irin, egbòogi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tú wò. Orí ìwé kan wà nínú rẹ̀ tó fi ìṣirò wo Fá, Ifá tiyín. Kò ní kí wọ́n yìn ín, ó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, Àǹtí Àdùkẹ́, ó dùn mí fún bàbá yẹn, àmọ́ bí wọ́n bá gbé bàbá sórí pèpéle tí gbogbo ènìyàn kàn ń ṣe "àṣẹ, àṣẹ", ìyẹn náà ò dára jù ú lọ.

Olùkọ́_Tó_Fẹ̀yìntì (Ọjọ́rú, 1:05 ọ̀sán)

O ṣeun, ọmọ Àjàṣẹ́. Mo fara mọ́ ìdajì. Ẹni tó bá ní kò sí iyàn nínú Ifá kò tíì gbọ́ Ifá. Odù 256, ìtàn inú wọn kò lóǹkà, inú wọn sì kún fún ẹni tí wọ́n ní kó rúbọ tó ní kí ló dé, fún babaláwo tó ṣìnà. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ lé Ìwà ìyàwó rẹ̀ jáde, ó kábàámọ̀, ó wá a kiri. Ìtàn Ìwà yẹn ni Wándé Abímbọ́lá, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ Ifá, tú palẹ̀ nínú ìwé àpérò kan tó jáde ní Ifẹ̀ ní 1975.

Olóògbé Sophie Olúwọlé ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ ja ìjà yìí. Òun ló kọ́kọ́ gba oyè dókítà nínú fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì Nàìjíríà, ní Ìbàdàn, 1984, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ó gbé Socrates, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, àti Ọ̀rúnmìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ní àwọn méjèèjì kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi gba ti ọ̀kan, tí ẹ ní ti èkejì jẹ́ àlọ́? Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan. Ó di olóògbé ní oṣù kejìlá 2018, gbogbo ènìyàn wá ń pè é ní ìyá wa. Iṣẹ́ wa nìyẹn.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n_ní_Bahia (Ọjọ́rú, 11:40 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, Salvador ní Bràsíìlì ni mo wà, aago wa ò bára mu. Mo ń kà yín látàárọ̀.

Àpérò tó bá mú àwọn tó ni nǹkan dání máa ń bí ọmọ. Ní 1981 wọ́n ṣe àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí òrìṣà ní Ifẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Abímbọ́lá di Àwíṣẹ Àgbáyé, agbẹnusọ Ifá fún gbogbo ayé. Ní 1983 wọ́n gbé ẹlẹ́ẹ̀kejì wá síbí, sí Salvador. Kì í ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ló jókòó. Àwọn ìyálórìṣà wà níbẹ̀, márùn-ún nínú wọn sì fọwọ́ sí ìwé kan ní oṣù keje ọdún náà. Ìyá Menininha ti ilé òrìṣà Gantois àti Ìyá Stella ti ilé òrìṣà Ọ̀pó Àfọ̀njá wà lára wọn. Wọ́n ní ẹ̀sìn òrìṣà dá dúró, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ìjọ Àgùdà. Pé Ọya kì í ṣe Santa Bárbara. Títí di òní, àwọn ènìyàn ṣì ń jà lé ìwé yẹn lórí níbí. Àwọn kan ṣì ń ṣe méjèèjì pọ̀, ìyẹn náà ní ìdí tirẹ̀. Àmọ́ ìwé kékeré yẹn lágbára ju bébà igba lọ.

Èdè wo ni wọ́n sọ? Pọtogí ló pọ̀ jù, àmọ́ Pọtogí ni èdè àwọn ìyá náà. Àṣírí ibẹ̀ nìyẹn.

Táíwò_Ẹlẹ́rọ (Ọjọ́bọ̀, 8:12 àárọ̀)

Ó dáa, ẹ ti bá mi débì kan. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, báwo la ṣe máa pe àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ní Yorùbá? "Fìlọ́sọ́fì" gan-an, kí ni? Àwọn kan ń pè é ní ìmòye, àwọn kan ní ọgbọ́n orí, ẹ̀yin ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ ti ní orúkọ mẹ́ta.

Àdùkẹ́_Olùkọ́ (Ọjọ́bọ̀, 2:45 ọ̀sán)

Àwa oní-èdè ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ìgbà kan wà tí kò sí ẹni tó lè fi Yorùbá kọ́ gírámà Yorùbá. Àwọn àgbà wa jókòó, wọ́n ń yan ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí (ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ nípa èdè fúnra rẹ̀) àkọ́kọ́ ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóbùlúyì ṣe èkejì ní 1990. Lónìí, ọmọ SS2 mi ń sọ "fáwẹ̀lì àìránmúpè" bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Fìlọ́sọ́fì kò le ju fonẹ́tíìkì lọ! Èmi, "ìmòye" ni mo fara mọ́. "Ọgbọ́n orí" ń rán mi létí ẹni tó ń fi ọgbọ́n gba owó ọkọ̀.

Ìgbín_Ò_Kánjú (Ọjọ́bọ̀, 2:50 ọ̀sán)

Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ọ̀nà Ọ̀jọ́ọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmòye.

Àdùkẹ́_Olùkọ́ (Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kejì, 9:20 alẹ́)

Ẹ̀yin ará, mo ti lọ o.

Mo gba bébà orí yẹn lọ́wọ́ ẹni tó kà á (ó fún mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ẹ má bú u), mo fi alẹ́ mẹ́ta tú u sí Yorùbá sínú ìwé àjákọ, mo wọ ọkọ̀ Ìṣẹ́yìn ní Sátidé. Mo bá bàbá lábẹ́ ọdán, wọ́n ń ṣa ègúsí pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn. Mo kà á fún wọn.

Fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà: Àjàlá ni alámọ̀ tó ń mọ orí lọ́run. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wáyé, wọ́n lọ yan orí lọ́dọ̀ rẹ̀. Oríṣèékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja sáré lọ mú èyí tó dùn ún wò; òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, orí wọn ṣá. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà yà bá bàbá rẹ̀ kọ́kọ́, ó rúbọ, ó sì mú owó dání. Ó bá ẹnì kan tó ń sin Àjàlá lówó, Àjàlá sá sókè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sì bá a yan èyí tó gbó nínú iná.

Ohun tí bébà náà sọ ni pé: ẹni tó ń yan orí kò lè rí inú rẹ̀. Bí kò bá rí i, ṣé yíyàn nìyẹn, àbí tẹ́tẹ́? Bó bá jẹ́ tẹ́tẹ́, kí ló dé tí a fi ń dá ẹni tí orí rẹ̀ burú lẹ́bi?

Bàbá gbọ́ ọ tán. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Ọmọ yẹn gbọ́n. Ìyá rẹ̀ ò rán an lọ ra ìkòkò rí ni." Wọ́n pe ọmọ-ọmọ wọn kó gbé ìkòkò méjì wá láti ilé ìdáná. Wọ́n fi ìka kan kan àkọ́kọ́, ó dún gbọnngbọn. Wọ́n kan èkejì, ó dún pọ̀kọ̀. Mo wò ó títí, mi ò rí ibi tó ti sán. Wọ́n ní: "Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń yan ìkòkò. Àjàlá, irin ni ó fi ń lu orí tí ó fi mọ èyí tó jiná. Àwọn méjì yẹn ò kan án, wọn ò sì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n kàn. Kì í ṣe àìrí ni wọ́n jẹ̀bi rẹ̀."

Mo ní, bàbá, ẹni tí kò ní baba tó máa sọ fún un ńkọ́? Ẹni tí kò lówó tó máa fi san gbèsè Àjàlá?

Bàbá dákẹ́. Wọ́n ṣa ègúsí bíi mẹ́wàá. Wọ́n ní: "Ìyẹn le. Ìyẹn ló ń gbé ènìyàn wá sọ́dọ̀ mi."

Olùkọ́_Tó_Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́)

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi kọ́ ọmọ ní àtakò orí yíyàn yẹn, bí ẹni tó kọ bébà náà ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tó gbé ìkòkò wá fún mi rí.

Ọ̀rọ̀ "ìyẹn le" tí bàbá sọ yẹn, ẹ má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó rí ibi tí èrò ara rẹ̀ ti sán ni. Ọmọ Àjàṣẹ́, ṣé iyàn tí Hountondji ń wá nìyí?

Ọmọ_Àjàṣẹ́ (Ọjọ́ Àìkú, 10:15 alẹ́)

Ó kù kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá lórí rẹ̀. Ìgbà náà ni mo máa gbà.

Táíwò_Ẹlẹ́rọ (Ọjọ́ Àìkú, 10:21 alẹ́)

Àǹtí, ṣé ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀?

Àdùkẹ́_Olùkọ́ (Ọjọ́ Àìkú, 10:24 alẹ́)

Fóònù mi kú ní agbedeméjì. Láti "ọmọ yẹn gbọ́n" síwájú, orí mi ló wà. Àmọ́ bàbá ní kí n padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n mú ẹni tó kọ bébà náà dání. Mo ti pè é, ó ní òun ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà á díẹ̀.

Táíwò_Ẹlẹ́rọ (Ọjọ́ Àìkú, 10:30 alẹ́)

Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn, bátìrì ẹ̀ máa ń pẹ́. Ìbàdàn ni mo wà. Ibo ni kí n ti pàdé yín láàárọ̀ ọjọ́ náà?

Ìgbín_Ò_Kánjú (Ọjọ́ Àìkú, 10:31 alẹ́)

Àyè ẹnì kan ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀? Mo máa ṣa ègúsí.